Awùjẹ Ìyá Mi

Lábẹ́ igi òrombó Bàbá Mẹ́dáyédù, ní Ìsánlú,
a jókòó sórí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì tí a yá,
àwa mẹ́rìnlá, àti ewúrẹ́ kan tí kò gba ìkìlọ̀.
Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, lẹ́yìn ìmọ́tótó,
ni bàbá máa ń bá wa sọ̀rọ̀ ilẹ̀.
Ó ti ṣiṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba rí; ó fẹ̀yìn tì
pẹ̀lú fìlà kan àti àpótí kan tó kún fún ìgò.

“Òkun o,” ni ó fi bẹ̀rẹ̀.
Ó na ọ̀pá sí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé.
“Ẹ̀yin rí àpáta. Èmi rí ọ̀ọ̀dẹ̀.
Igi osè mẹ́ta yẹn, ta ló gbìn wọ́n?
Ẹyẹ kì í gbin igi ní ìlà.”

Lóṣù tó kọjá ó kó wa gòkè,
orúnkún wa ń dún bí igi ìdáná,
ó fi ihò ọlọ hàn wá lára àpáta,
méje, wọ́n jìn tó àwo ọbẹ̀,
òjò àná ṣì wà nínú wọn.
Ó ní àwọn ìyá wa lọ ọkà níbẹ̀
nígbà tí ẹṣin Tápà ń jẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀,
tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀kalẹ̀ wá roko.
“Ohun tí wọ́n gbé sá gòkè kì í ṣe wúrà.
Irúgbìn ni, nínú akèrègbè, lábẹ́ aṣọ,
bí ẹni gbé ọmọ.”
Mo ti ọwọ́ bọ ihò kan.
Ó dán ju ìkòkò ilé mi lọ.

Lónìí, bí a ṣe ń tọ́jú irúgbìn ni.
Ó ní eérú, kí a kù ú dáadáa;
ó ní ata gbígbẹ, ewé dóńgóyárò,
ìgò tí a di lẹ́nu.
Ìyá Mẹ́dùbí dá a lẹ́nu láti ẹ̀yìn:
“Ìgò ni tìrẹ. Èéfín ni tèmi.
Gbé e kọ́ sókè ààrò, kí ó máa gbóòórùn ọbẹ̀.
Kòkòrò wo ni yóò gun èéfín?”
A rẹ́rìn-ín. Bàbá kọ ọ́ sínú ìwé.

Lẹ́yìn náà, kí ni oníkálukú mú wá?
Ẹnìkan mú bàrà, ẹnìkan mú ìṣáápá,
ẹnìkan gbé ṣírí ọkà pupa lé itan bí ọmọ tuntun.
Ó kàn mí.
Ọwọ́ mi ṣófo.

Mo ní, ìyá mi ní awùjẹ kan,
funfun, ojú rẹ̀ pupa bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.
Ọjọ́ kẹjọ tí a sin ín, àlejò pọ̀, ìrẹsì tán.
Mo gbé akèrègbè sọ̀kalẹ̀ lórí àjà.
Mo sè é. Ó pẹ́ lórí iná,
ó kọ̀, kò rọ̀,
bí ẹni tó mọ ohun tí a ń ṣe fún un.
Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ní ó dùn.
Èmi náà jẹ.
Láti ọdún náà, ti inú ọ̀rá ni mò ń rà gbìn,
èyí tó ń so lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì gbàgbé ara rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ewúrẹ́ ń jẹ ìwé bàbá.
Ìyá Mẹ́dùbí tú etí aṣọ rẹ̀,
ibi tí àwọn ẹlòmíràn ń di owó sí.
Ó ka mẹ́ta sí mi lọ́wọ́.
Ojú pupa.
“Ọdún tí òjò kọ̀ wá, ìyá rẹ ló yá mi.
Ẹ̀kúnwọ́ kan ni. Mo san díẹ̀ kó tó lọ.
Ìyókù rèé.
Má sè é.”

Mo gbìn ín sídìí ọ̀pá tẹlifíṣọ̀n.
Ọ̀kan jẹrà. Adìyẹ tú ọ̀kan.
Ẹ̀kẹta ti lọ́ mọ́ ọ̀pá, ó ń gòkè,
mi ò tíì mọ̀ bóyá yóò so.
Bàbá ránṣẹ́ lánàá: ní Sátidé tó ń bọ̀,
èmi ni kí n sọ̀rọ̀.
Kí ni mo mọ̀?
Mo mọ bí ó ti dùn tó lẹ́nu.