Gílì

Ní Ìjọ̀kà, n'Iléṣà,
ẹnikẹ́ni ò pe bàbá àgbà ní Fámúrewá.
Gílì ni. Ilé Gílì. Ọmọ Gílì.
A rò pé oyè ni.

Òyìnbó awágóòlù kan, ará Skọ́tílàǹdì, ló sọ ọ́,
lọ́jọ́ tí Ọ̀wẹ̀nà kún dẹ́nu,
tí bàbá pọ̀n ọ́n sọdá.
Bàtà rẹ̀ ò kan omi.

Àbúrò mi kọ̀wé láti ọ̀hún lánàá:
"ọmọkùnrin" ni gílì kó tó di ìránṣẹ́;
wọ́n tilẹ̀ ní èyí tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́sẹ̀ tútù.

Àwa náà ńkọ́? Ṣebí ọmọ-ọ̀dọ̀ là ń wí.
Ṣùgbọ́n bàbá ti bímọ mẹ́fà lọ́jọ́ náà.

Ìyá àgbà ní títí ó fi kú,
ó máa ń na ẹsẹ̀ síná,
àní lẹ́ẹ̀rùn.