Ìṣó Tó Ṣẹ́kù

Agolo mílíìkì kan tó kún fún ìṣó
ni bàbá mi, káfíńtà Màkún, fi sílẹ̀ fún mi.
Àwọn ẹ̀gbọ́n mi pín ilẹ̀, wọ́n pín àga.
Mo gbé agolo mi, mo padà sí Àjàkà.
Mi ò mọ̀ pé odindi ilé ló wà nínú rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí kọ́kọ́rọ́,
Múyìwá ń wá ẹsẹ̀ bàtà kan,
Ṣẹ̀gilọlá ń sunkún pé ìwé ìṣirò òun ti nù,
bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ bisikíìtì fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì ní ìkóríta,
ó sì bá tirẹ̀ lọ.
Owó ọjọ́ náà, ọ̀kadà ló gbà á.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gbé òòlù.
Ìṣó kan fún kọ́kọ́rọ́.
Ọ̀kan fún tọ́ọ̀ṣì, nítorí iná ọba kì í dágbére.
Ọ̀kan fún aṣọ iṣẹ́ mi àti fìlà tí mo fi ń bo irun.
Méjì nísàlẹ̀, níbi tó bá ìbàdí mi dọ́gba, fún báàgì ilé-ìwé.
Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ:
mo gbé pẹpẹ wálẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé,
mo ń se ọbẹ̀ tí yóò bá wa dé Ọjọ́bọ̀,
mo ń bù ú sí abọ́ mẹ́rin, mo ń kọ orúkọ ọjọ́ sí ìdérí wọn.
Bí iná bá lọ ju òru kan lọ,
a ó ru abọ́, a ó tò lọ sílé Ìyá Ọláṣebìkan,
ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀, tó sì ní ẹnu.
"Ilé rẹ ti di bárékè," ló ń wí, bó ṣe ń ṣí fìríìjì.
Mo ń rẹ́rìn-ín. Ọbẹ̀ mi ṣá ti tutù.

Bárékè kọ́.
Ọjọ́rú kan wà tí ọbẹ̀ wa kan ju gààrí Ìjẹ̀bú lọ.
Mo dà á nù. A mu gààrí, àfọ́kù bisikíìtì dúró bí ẹja,
a sì sùn láì fọ abọ́.
Ọjọ́ mìíràn, mo ti débi iṣẹ́ kí n tó rí i
pé ọ̀kan nínú ìbọ̀sẹ̀ tí mo wọ̀, ti Múyìwá ni.
Mo fi dúró nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́,
ọmọ ọdún mẹ́jọ dì mí lẹ́sẹ̀ mú.

Ìṣó kan wà, èyí tó ga jù,
èmi kọ́ ni mo kàn án.
Bàbá wọn ló kàn án fún fìlà rẹ̀
kó tó ní Ọ̀rẹ̀ lòun ń lọ ra pákó, ọ̀sẹ̀ méjì péré.
Ọdún mẹ́ta rèé.
Bí mo bá ń nu ògiri, mo ń yí i ká.
Mi ò yọ ọ́, mi ò sì fi nǹkan kọ́ síbẹ̀.
Kì í ṣe ìrètí.
Ìṣó tó bá jìn, ògiri ló ń bá a jáde.

Òjò àná bẹ̀rẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀kọ̀,
ó ká àwọn ọmọ mọ́ ọ̀nà ilé-ìwé.
Mo wọlé ní aago mẹ́jọ, aṣọ mi ń rùn bíi ṣúgà,
mo fi kọ́kọ́rọ́ kọ́, mo gbójú sókè.
Àga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.
Múyìwá ti gùn ún, ó ti nà gbọnrangandan,
ó ti fi ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọ́ sórí ìṣó fìlà,
omi ń kán tó, tó, tó
sínú abọ́ tí Ṣẹ̀gilọlá gbé sísàlẹ̀,
abọ́ Ọjọ́rú.

"Kò síbòmíràn tó ṣófo," ló wí, láìbojú wẹ̀yìn.

Mo dúró díẹ̀.
Mo gbé àga padà sí àyè rẹ̀.
Mo béèrè bóyá wọ́n ti jẹun.