Ìwé Oorun

Nígbà tí kajú ń já bọ́ sórí koríko
obìnrin kan gun ọ̀kadà láti Kàbà wá sí Ìyàrà,
ó ní òun ń wá ẹni tó mọ oorun-ún sùn.
Aago mẹ́ta ló kù nínú àpò rẹ̀ nígbà tó dé ilé wa,
aago tí kò lọ́wọ́, tí kì í sọ àsìkò,
iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ka bí ara ṣe ń yí lóru.

Èmi ló fún ní ìwé, torí mo ka dé kíláàsì mẹ́fà.
Kọ ìgbà tí wọ́n dùbúlẹ̀. Kọ ẹni tó ń hanrun.
Mo kọ ọ́.
Bàbá ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta tí yẹ̀pẹ̀ wọ̀ lẹ́nu.
Ìbídùn, ọmọ ọdún mẹ́rin, ta aṣọ nù,
ó yí láti orí ẹní dé ẹnu ọ̀nà,
ó ń bá ewúrẹ́ jà lójú àlá: "Jù ú sílẹ̀, tèmi ni!"
Tírélà símẹ́ńtì kọjá lójú títì,
gbogbo àwo ilé gbọ̀n jìnnìjìnnì,
kò ta pútú.
Ìyé mi kò yí. Kò hanrun.
Ọwọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ kẹjọ obìnrin náà padà wá,
ó so aago mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tẹjú mọ́ ìlà.
Ìbídùn gba márùn-ún nínú ogún,
Bàbá gba mẹ́sàn-án,
Ìyé gba méjìdínlógún.
"Màmá, ẹ mọ oorun-ún sùn o! Kí lẹ ń jẹ lálẹ́?"
Ìyé ní, "Iṣu ni."

Ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ;
aago ò gbọ́ Yorùbá débẹ̀.
Kò mọ bí èémí rẹ̀ ṣe máa ń dúró
tí ọ̀kadà bá rọra níwájú ilé,
tí tọ́ọ̀ṣì àwọn fijilanté bá fọwọ́ kan fèrèsé wa,
Òtítọ́jù ẹ̀gbọ́n mi láàárín wọn, ìbọn léjìká,
tí wọ́n forí lé ọ̀nà oko ẹ̀yìn òkè.
Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló lọ.
Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni Ìyé ń retí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó pa iná, ó dùbúlẹ̀,
ó fi ẹ̀rín kékeré bi mí nínú òkùnkùn:
"Ìwọ ńkọ́? Mélòó lo gbà?"
Mo ní wọn ò so aago mọ́ èmi.