Èéfín Ló Mọ Ọ̀nà

Ní Mexicali, lóṣù Keje,
oòrùn kì í ràn, ṣe ló ń jókòó lé èèyàn lórí.
Ajá a máa fẹsẹ̀ mẹ́ta rìn lórí ọ̀dà títì,
a gbé ẹ̀kẹrin sókè kó sinmi.
Níbẹ̀ ni Yareli ti ra kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní wẹ́wẹ́,
páálí kan lóṣù yìí, páálí kan lóṣù tó ń bọ̀,
ó tò ó sórí tábìlì bí ẹni ń to egungun ẹja,
èmi ń gé ọsàn wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,
mo ń ṣọ́ra kí omi má ta sí i.

Fáànù márùn-ún.
Ó kọjú gbogbo wọn sínú:
méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, méjì lórí,
gbogbo wọn ń pariwo "wọlé, wọlé,"
kò sí ẹyọ kan tó ń sọ pé "ó dàbọ̀."

Ó tan án. Iná pupa, iná búlúù.
Eré ò tíì yí igun kejì
tí àpótí ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.
Àádọ́rin. Ọgọ́rin.
Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.
Ó kú pii.

Don Eleuterio wà lórí àga onírọ́bà,
ẹni tó fi ogójì ọdún gun òrùlé onílé,
tó ń de ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ọn,
títí ekuru fi gba ìdajì ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.
Kò mọ kọ̀ǹpútà.
Ó ṣáná sí igi tùràrí kan
tí olóògbé ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ níwájú àwòrán Màríà,
ó gbé e sún mọ́ iwájú àpótí.

Èéfín wọlé. Ó dé àárín, ó dúró.
Ó yà sókè, fáànù òkè lù ú padà.
Ó yà sẹ́yìn, fáànù ẹ̀yìn lù ú padà,
bí àlejò tí gbogbo ẹbí ń kí káàbọ̀
tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kó kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Wò ó," ni bàbá wí, "kì í ṣe ooru ló ń pa á.
Ìjà ni."

Yareli tú síkúrù, kò fèsì.
Ẹ̀gbẹ́ tó ní igi mẹ́rin ni afẹ́fẹ́ ń bá jáde;
ó fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà ṣì í.
Ó dá ti ẹ̀yìn kọjú síta.
Ó dá ọ̀kan lórí kọjú sókè, èyí tó sún mọ́ ẹ̀yìn.
Èkejì, ó yọ ọ́ pátápátá.
Ó dùn ún. Owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀.

Tùràrí lẹ́ẹ̀kejì.
Èéfín wọ ìsàlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́,
ó fi ara ra ibi tó gbóná jù,
ó gòkè, ó bá ẹ̀yìn lọ,
ó gba fèrèsé ilé ìdáná jáde,
kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.
Mẹ́tàdínláàádọ́rin. Nọ́ńbà jókòó síbẹ̀.
Bàbá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́,
ikọ́ náà pẹ́ kó tó tán.

Fáànù tó ṣẹ́kù, Yareli so ó mọ́ wáyà fóònù,
ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bàbá,
ó kọjú rẹ̀ sí fèrèsé.
"Èmi ńkọ́?" ni arúgbó bi í.
"Ekuru ló ń kó jáde fún ẹ."
Ó mi orí bí ẹni gbà.

Nígbà tí mo kọjá lóru láti mumi,
ó ti yí i kọjú sí ara rẹ̀.