Afárá

Ẹ wò ó, mi ò ní purọ́ fún yín, èmi ni mo gé e.
Lábẹ́ igi fúrúùtù tó dojú kọ gọ́tà, ní Ládípọ̀,
mo dùbúlẹ̀ gbalaja sábẹ́ Kámúrì aláwọ̀ eérú,
mo fi ayùn gé ikùn páìpù rẹ̀,
afárá inú rẹ̀ sì já bọ́ sí mi láyà:
ihò wẹ́wẹ́, ihò wẹ́wẹ́, bí ilé oyin.
Kò sí oyin, kò sí ìdin.
Èéfín ló ń wọ ibẹ̀ lọ ronú pìwà dà.

"Yọ ọ́," ni oníbàárà wí, "ó ń fún ọkọ̀ mi lọ́rùn."
A yọ afárá kí ọkọ̀ lè sáré lórí afárá,
kó bú ramúramù láti Adékúnlé dé Ìsàlẹ̀ Èkó.
Àwọn tó ń rà á máa ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tàwọn tòṣùwọ̀n.
Owó tí wọ́n ń san lórí rẹ̀
ju owó iṣẹ́ mi lọ nílọ̀ọ́po mẹ́ta.

Ìjọba wá ṣòfin.
Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní Òjódù,
ó ń gbóòórùn ìdí ọkọ̀ bí ajá tó ń gbóòórùn àlejò.
Ọkọ̀ tí kò bá ní afárá, kò níwèé.

Láńrewájú wẹ́dà fọwọ́ lu bẹ́ǹṣì:
"Jẹnẹrétọ̀ mẹ́tàdínlógún ló wà lójúlé tèmi nìkan,
ta ló ń gbóòórùn ìdí tìyẹn?
Tírélà tó ń lọ Àpápá ń tú èéfín jáde bí aṣọ ọ̀fọ̀,
ta ló dá a dúró?
Ẹni tó ń ra ọkọ̀ tuntun ló ń ṣòfin fún ẹni tó ń wa àlòkù!"
Òótọ́ ni. Mo mi orí.
Ìyá Sìdíkátù tó ń ta ọ́ìlì kò tilẹ̀ gbójú sókè:
"Owó lẹ̀yin ń sọ. Ẹ sá aṣọ funfun sórí okùn yẹn láàárọ̀,
kẹ́ ẹ padà wá kà á nírọ̀lẹ́."
Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Èmi ni mo wá dọ́gbọ́n.
Mo fi afárá kan pamọ́ sínú páálí bàtà, ojúlówó.
Ẹni tó bá ń lọ Òjódù, màá dè é mọ́ ọkọ̀ rẹ̀,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà, ọjọ́ kan péré.
Tó bá ti gbàwé tán, mo tú u, ó di ti ẹlòmíì.
Afárá kan, ogójì ọkọ̀,
bí ẹ̀wù ìgbéyàwó tí gbogbo àdúgbò ń yá wọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Ọ̀gá Ṣówẹ̀mímọ́ dé,
òun gan-an ló ń di ẹnu ẹ̀rọ Òjódù mú.
Jàlàbíà ló wọ̀. Ẹsẹ̀ mi ń wá ọ̀nà tí màá gbà sá.
"Wọ́n ti jí tèmi gé," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀,
"níwájú ọ́fíìsì wa. Ọ̀la ni wọ́n ń yẹ ọkọ̀ àwa òṣìṣẹ́ wò.
Mo gbọ́ pé o ní èyí tí o fi ń yáni."

Mo gbé páálí náà wá.
Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún lábẹ́ iná fóònù,
ó fi àtàǹpàkò wá ibì kan tó ti tẹ̀ wọnú.
"Òkúta kan ní Ṣómólú," ó wí, "lọ́dún tó kọjá."
Ẹ̀fọn ń kùn létí wa.
Ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sórí bẹ́ǹṣì.
Kò ná an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó di pé ẹnikẹ́ni jí,
mo sá síńgílẹ́ẹ̀tì mi kan sórí okùn Ìyá Sìdíkátù, funfun báláú.
Nírọ̀lẹ́ mo lọ mú un.
Mo ṣì ń kà á.