Pẹ̀lẹ́

Ọdún mẹ́fà ni Oyèdìran fi gbé ilé wa ní Másífà,
kò kí ẹnì kan rí.
Ilẹ̀ mọ́, kò ní ẹ káàárọ̀.
Bàbá Àgbà wọlé, ọmọ ò dọ̀bálẹ̀,
ojú rẹ̀ wà lára wíìlì máṣíìnì mi,
wíìlì tó ń yí, tó ń yí, tí kì í bi í ní ìbéèrè.
Ìyá Mojírẹ́adé ní àbíìkọ́ ni, mo kẹ́ ẹ jù.

Ọsibítù àwọn Onítẹ̀bọmi ni dókítà obìnrin kan ti là á yé mi:
"Etí rẹ̀ ò di. Orí rẹ̀ ò dàrú.
Ayé ló ń pariwo jù fún un.
Ojú wa ń yí padà ju sánmà oṣù Agẹmọ lọ,
ọmọ ò rí èyí tí yóò dì mú."

Lásìkò máńgòrò, Àkànjí, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì,
gbé páálí kan wọlé.
Ó tú u. Rọ́bọ́ọ̀tì, kò ga ju odó ata lọ,
ojú méjì roboto, ẹnu rẹ̀ ìlà iná kan ṣoṣo,
apá òsì rẹ̀, ike kúlà àlòkù ni.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní,
"Èmi tí mo bí i ò rí i bá sọ̀rọ̀,
ike ni yóò wá bá sọ̀rọ̀?"
Àkànjí ò fèsì. Ó tẹ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́," ni rọ́bọ́ọ̀tì wí,
ó sì dúró.
Kò ní ṣé o ò gbọ́ ni. Kò fà á létí.
Ojú kan náà, ohùn kan náà: "Pẹ̀lẹ́."
Ogójì ìgbà lọ́jọ́ yẹn.
Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń ṣàmì rẹ̀ sára tábìlì ìgéṣọ.
Èmi ìyá, bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn mi á ti le.
Mo jẹ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ keje, lálẹ́, iná lọ, bátìrì tán,
rọ́bọ́ọ̀tì ní "Pẹ̀—",
ó dákẹ́, ojú rẹ̀ ṣú.
Oyèdìran gbé etí lé e láyà.
Ó ní, "Pẹ̀lẹ́."
Ohùn rẹ̀ tẹ́jú, bí ohùn ike náà gẹ́lẹ́.
Òkùnkùn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni rí ojú mi.

Wọ́n ti gbé e lọ báyìí;
ọmọ mẹ́ta ló ń retí rẹ̀ ní Àrówómọ́lẹ̀.
Ẹ má bi mí bóyá tèmi ti ń dọ̀bálẹ̀.
Kò tíì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnì kankan.
Ìyá Mojírẹ́adé ṣì ń pòṣé. Ẹ jẹ́ kó máa pòṣé.

Lánàá, mò ń rán aṣọ ilé-ìwé,
abẹ́rẹ́ gún mi níka, mo kígbe.
Kò wo ojú mi. Wíìlì ló ń wò.
Ṣùgbọ́n ó nawọ́, ó dá wíìlì dúró,
ó ní, "Pẹ̀lẹ́,"
ó sì dúró.
Ẹ̀jẹ̀ ti kán sára kọ́là funfun
kí n tó rántí pé èmi ló kàn láti dáhùn.