Omi Tí Mo Gbé Sùn

Kànga ilé wa ní Kétu,
bàbá bàbá ọkọ mi ló gbẹ́ ẹ.
Ó jìn débi pé okùn ń bó àtẹ́lẹwọ́.
Omi rẹ̀ mọ́ gaara, kò lóòórùn.
Ta ni yóò fojú burúkú wò ó?

Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lójò yìí
ni Ọláìtán ya ìgbẹ́ gbuuru
tí ojú rẹ̀ jìn wọnú.

Odúnlámì dé láti ilé ìwòsàn, kò gbé ẹ̀rọ.
Páálí pẹlẹbẹ kan ló mú jáde,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹfà. Ó kán omi sí i,
kò ju omijé kan lọ.
"Iná kò sí," ó ní, "ṣùgbọ́n ara ènìyàn gbóná tó.
Ẹ fi sábẹ́ ìró yín, ẹ gbé e sùn."

Mo fi ọ̀já dì í mọ́ ikùn.
Bàbá Ọláìtán rẹ́rìn-ín: "Oyún wo tún nìyí?"
Mo ti pọn ọmọ márùn-ún,
mo ti pọn omi tí kò lóǹkà,
n kò gbé omi sùn rí.

Ilẹ̀ mọ́, a tú ọ̀já.
Àmì aró, tó, tó, tó,
atẹ́gùn bíńtín há sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo kà á dé mẹ́tàdínlógún, mo dákẹ́.

Kò sẹ́ni tó bú òkú.
A kàn bojú wo ṣáláńgá tí àwa fúnra wa gbẹ́,
ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án péré sí kànga.
Bàbá Ọláìtán ló kọ́kọ́ wá igi ìdáná.

Omi ń hó.
Ọláìtán ń béèrè ọbẹ̀ tí à ń sè.